Ó le kú, ìjà Òrè: nínú ìwé wo lèèyàn ti lè rí òótọ́ ẹ̀?

Kò sí ọmọ Yorùbá tó ti dàgbà díẹ̀ tí kò ní í ti gbọ́ ọ rí pé ó le kú, ìjà Òrè. Bí orogún méjì bá fa ara wọn láṣọ ya lójúlé kejì, ohun tí àwọn ará àdúgbò máa sọ nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì bá pàdé, tí rẹfirí ń fún fèrè títí tí ẹnu fi ń dùn ún, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò á ní ó ti di ìjà Òrè. Àní ní Òrè gan-an, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí Bìní àti ilẹ̀ Ìgbò ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun, bí kọ̀ndọ́ ò bá rí ṣéńjì fún èrò, wọ́n á sọ ọ́ síra wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, oníkálukú á sì bá tiẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ìjà wo gan-an? Ta ló bá ta jà? Ọdún wo ni? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á ti dojú rú. Ẹnì kan á ní Ojukwu fúnra ẹ̀ ló kó ogun wá bá Yorùbá. Ẹlòmíì á ní oògùn àwọn àgbà ló dí ọ̀nà mọ́ wọn lójú, tí mọ́tò wọn ò fi lè lọ síwájú mọ́. Ẹnì kẹta á ní bàbá òun sọ fóun pé ìjà àwọn oníṣòwò ni, kì í ṣe tàwọn ṣọ́jà rárá. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n fi ṣe olórí ogun tó ń bọ̀ ọ̀hún. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pa òwe náà ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì bá jẹ́ nǹkan kan tó bá jẹ́ pé àwàdà lásán ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìdìbò ọdún 2023 tí ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Ìgbò ti tún gbóná l'Ékòó, ọ̀rọ̀ Òrè ti di òkò tí wọ́n fi ń sọ ara wọn lórí fóònù. Àwọn kan á ní, "Ẹ rántí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún wa lọ́dún 1967." Àwọn tọ̀hún á ní, "Ẹ rántí ohun tí ẹ ṣe fún wa lẹ́yìn ẹ̀." Ẹni tó sọ̀rọ̀ ò kàwé, ẹni tó fèsì náà ò kàwé, wọ́n sì ń bú bàbá ara wọn lórí ọ̀rọ̀ tí ìwé ti wà lórí ẹ̀ láti nǹkan bíi ọdún márùn-ún dín lọ́gọ́ta sẹ́yìn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ nìyí, ní kúkúrú. Ní ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, Ojukwu kéde Biafra. Ní ọjọ́ 6, oṣù keje, ogun bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí bíríìjì Onitsha kọjá, wọ́n wọ ìpínlẹ̀ Mídíwẹ́ẹ̀sì, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, Bìní ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Victor Bánjọ ni olórí wọn. Gómìnà Mídíwẹ́ẹ̀sì nígbà náà, David Ejoor, sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n lo ọjọ́ mélòó kan ní Bìní kí wọ́n tó tún ṣí, nígbà tí oṣù kẹjọ sì fi ń lọ sópin, wọ́n ti dé Òrè. Ẹni tó bá mọ Òrè dáadáa á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Oríta ni Òrè: ẹ yà sọ́wọ́ kan, Oǹdó àti Ifẹ̀ títí dé Ìbàdàn, ẹ yà sọ́wọ́ kejì, Òkìtìpupa àti etí omi, ẹ lọ tààrà, Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó. Gowon, tó ti ń pe ogun náà ní iṣẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, wá ní ó ti di ogun gidi. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì sílẹ̀, Murtala Muhammed ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá wọn. Òrè ni wọ́n ti pàdé, Òrè ni wọ́n sì ti lé àwọn ọmọ ogun Biafra padà. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, ìjọba àpapọ̀ ti gba Bìní padà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìyẹn ọjọ́ 22, wọ́n yìnbọn pa Bánjọ ní Enugu. Kì í ṣe Nàìjíríà ló pa á o. Ojukwu tó rán an níṣẹ́ náà ni ìjọba ẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ ni.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo, Nàìjíríà ní ọ̀dàlẹ̀ ni, Biafra ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Èwo ni ká gbà?

Ẹni tó bá gbéra lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tàwé, tó ní kí wọ́n fún òun ní "Ó Le Kú", ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni wọ́n máa nà sí i, èyí tó jáde lọ́dún 1974, tí Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù lọ́dún 1997. Ìwé tó dùn ni, ẹ má padà láìrà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àjàní àtàwọn ọmọge ẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí ìbọn níbẹ̀. Ìwé ìjà Òrè ò ní orúkọ Òrè lára páálí ẹ̀. Inú ìwé ogun abẹ́lé lèèyàn ti ń ṣa á bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ojú ìwé mẹ́ta níbí, mẹ́wàá lọ́hùn-ún.

Kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á, nǹkan kan wà tó yẹ kó mọ̀, ó sì wà nínú ìtàn ìjà ẹni méjì. Àwọn Òyìnbó ní irú ìjà kan láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá bú ẹnì kejì, wọ́n á dá ọjọ́ fúnra wọn, wọ́n á lọ sí pápá láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú idà tàbí ìbọn, oníkálukú á mú ọ̀rẹ́ kan dání tó máa ṣe ẹlẹ́rìí ẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 1804, Aaron Burr, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, yìnbọn lu Alexander Hamilton nírú ìjà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kejì ni Hamilton kú. Ẹlẹ́rìí méjì ló wà níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò fẹnu kò lórí ẹni tó kọ́kọ́ yìnbọn? Ẹlẹ́rìí Burr ní Hamilton ni, ẹlẹ́rìí Hamilton ní Burr ni. Ẹni tó bá fẹ́ ka irú ìtàn yìí, ìwé Joanne Freeman tó ń jẹ́ Affairs of Honor, tó jáde lọ́dún 2001, dára gan-an, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti V. G. Kiernan, The Duel in European History, ti ọdún 1988. Tiwa náà wà nílé o. Tìmì Ẹdẹ àti Gbọ̀nkàá tí Ṣàngó kì síra wọn, Dúró Ládiípọ̀ ti gbé e sórí ìtàgé nínú Ọba Kò So láti ọdún 1963, ó sì gbé e dé Jámánì àti ìlú Òyìnbó.

Kí ni ìyẹn wá kan Òrè? Ó kàn án o. Àwọn tó kọ̀wé lórí Òrè, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló mú ìbọn dání lọ́jọ́ náà, tàbí tó jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ẹnì kan. Ẹni tó bá ka ìwé kan ṣoṣo ti gbọ́ ẹ̀rí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo nìyẹn, adájọ́ wo ló ń fi ìyẹn dájọ́?

Ìjà tó wà nínú àwọn ìwé yìí tó dùn jù, láàárín ọmọ Abẹ́òkúta méjì ni. Wọlé Ṣóyínká àti Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Lọ́dún 1967, Ṣóyínká ò tíì gba ẹ̀bùn Nobel, ó di 1986 kó tó gbà á. Ọbásanjọ́ ò tíì di olórí ìjọba. Olùkọ́ àti òǹkọ̀wé ni ti ọ̀hún, ọ̀gá ṣọ́jà n'Ìbàdàn sì ni tibí. Ṣóyínká gbéra, ó lọ sí Enugu, ó rí Ojukwu, ó sì rí Bánjọ. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà kẹta, èyí tí kì í ṣe ti Gowon, tí kì í sì í ṣe ti Ojukwu. Nígbà tí Bánjọ ti gba Bìní tán, Ṣóyínká ló jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ fún Ọbásanjọ́, iṣẹ́ náà sì dá lórí pé kí àwọn tó wà ní ìwọ̀-oòrùn má dènà mọ́ òun. Àwọn méjèèjì pàdé n'Ìbàdàn. Ìyẹn ò sí àríyànjiyàn nínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, àti ohun tí Ọbásanjọ́ wá lọ sọ fáwọn ọ̀gá ẹ̀ l'Ékòó lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni ìjà wà títí dòní.

Kò pẹ́ tí ìjọba Gowon fi gbé Ṣóyínká, ó sì lé lọ́dún méjì tó fi wà látìmọ́lé láìfojú kan ilé ẹjọ́. The Man Died ló fi sọ tiẹ̀, ó jáde lọ́dún 1972. Èdè ibẹ̀ le díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó bá ti iṣẹ́ dé lálẹ́, tí iná ò sì sí, lè sùn lé e lórí. Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Bó bá sì sú yín náà, èyí tó kọ nígbà tó dàgbà, You Must Set Forth at Dawn, ọdún 2006, rọrùn jù ú lọ, ó sì tún ọ̀rọ̀ Bánjọ àti Ọbásanjọ́ sọ níbẹ̀ yékéyéké. Ọbásanjọ́ ní tiẹ̀ kọ My Command, ọdún 1980, lẹ́yìn tó gbé ìjọba sílẹ̀ fún Ṣàgàrí. Ó kọ ọ́ bí ṣọ́jà ṣe ń kọ ìròyìn sí ọ̀gá ẹ̀: ọjọ́ báyìí, ibi báyìí, ẹni báyìí. Ó rọrùn láti kà. Ohun tó rọrùn láti kà kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo, ohun tó ṣòro kì í sì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ẹ̀ dáadáa, kó ṣí ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó ka ìpàdé Ìbàdàn yẹn nínú ti Ṣóyínká, kó wá yíjú sí ti Ọbásanjọ́. Á dà bíi pé èèyàn jókòó nílé ẹjọ́ Máàpó láyé ọjọ́un.

Ọbásanjọ́ ò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà ẹgbẹ́ ẹ̀ náà. Lọ́dún 2013, Godwin Alabi-Isama gbé ìwé ńlá kan jáde, The Tragedy of Victory, àwòrán àti máàpù kún inú ẹ̀ bámúbámú, ó sì fi ko My Command lójú gbangba. Ọ̀pọ̀ èèyàn ra ìwé náà nítorí ìjà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: apá etí òkun ni iṣẹ́ Alabi-Isama wà, lọ́dọ̀ Benjamin Adékúnlé tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion, ní Calabar àti Port Harcourt lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá tìtorí Òrè rà á á rí ìjà púpọ̀, àmọ́ ìjà Òrè kọ́. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú àwọn ìwé ogun yìí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn bi òǹkọ̀wé ni pé, "Ọ̀gá, níbo lẹ wà lóṣù kẹjọ 1967?"

Adewale Ademoyega lè dáhùn ìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó fipá gbàjọba ní oṣù kìíní, ọdún 1966 ni, ọmọ Rẹ́mọ, ó sì wà lọ́dọ̀ àwọn Bánjọ nígbà tí wọ́n wọ Mídíwẹ́ẹ̀sì. Why We Struck lorúkọ ìwé ẹ̀, 1981 ló jáde. Ohun tó mú àwọn gba ìjọba ló ń sọ jù níbẹ̀, kì í sì í fi bò pé òun wà lẹ́yìn Bánjọ. Àwọn tó bá fẹ́ gbọ́ ti Biafra, kí wọ́n wá Alexander Madiebo, tó di olórí gbogbo ọmọ ogun Biafra lẹ́yìn náà. The Nigerian Revolution and the Biafran War, ọdún 1980, ni ìwé ẹ̀. Ní tiẹ̀, inú ẹ̀ ò dùn sí bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀rọ̀ Mídíwẹ́ẹ̀sì rárá, ó sì sọ ọ́ jáde. Ó ya èèyàn lẹ́nu pé ọ̀gá Biafra àti ọ̀gá Nàìjíríà máa ń béèrè ìbéèrè kan náà nínú ìwé wọn: kí ni Bánjọ dúró ṣe ní Bìní fún gbogbo ọjọ́ yẹn, nígbà tí ọ̀nà Èkó ṣí sílẹ̀ gbayawu? Àwọn kan ní ó ń bá àwọn tọ̀hún dúnàá-dúrà. Àwọn kan ní ó fẹ́ gbàjọba fúnra ẹ̀. Àwọn kan ní ṣọ́jà tó ní ò tó, ohun ìjà ò tó, kò sì fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ Yorùbá sílẹ̀.

Àwọn ará Mídíwẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ilé wọn ja ogun náà ńkọ́? Ejoor kọ Reminiscences lọ́dún 1989, Samuel Ogbemudia tó di gómìnà lẹ́yìn tí wọ́n gba Bìní padà kọ Years of Challenge lọ́dún 1991. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lèèyàn ti máa ń rí nǹkan tó jọ àlá. Bí àpẹẹrẹ, nígbà tí àwọn Biafra rí i pé Bìní fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn, Dókítà Albert Okonkwo tí wọ́n fi ṣe alákòóso ibẹ̀ kéde Republic of Benin, orílẹ̀-èdè tuntun, ní ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ 20, ṣọ́jà Nàìjíríà ti wọ ìlú. Ọmọ tuntun tí wọn ò rí àyè sọ lórúkọ dáadáa.

Ìwé tó yẹ kó wá ṣáájú gbogbo wọn, kò gbajúmọ̀ tó wọn. A Break in the Silence ni, ó jáde n'Ìbàdàn lọ́dún 2001, lórí Victor Bánjọ. Ẹni tó kọ ọ́ ni Adetowun Ogunsheye, ẹ̀gbọ́n Bánjọ gan-an, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, n'Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mọ iṣẹ́ tó kọ́ ọmọ níbẹ̀? Iṣẹ́ láìbìrì. Obìnrin tó fi ayé ẹ̀ kọ́ àwọn ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé, tó ń kọ́ wọn pé ìwé kì í sọnù bí wọ́n bá tò ó dáadáa, ìtàn àbúrò tiẹ̀ ò níbi tí wọ́n tò ó sí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó gbé e jáde. Nínú ìwé yẹn, Bánjọ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi ń bú èèyàn mọ́. Ó jẹ́ ọmọ ẹnì kan, ọkọ ẹnì kan, ẹnjiníà tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ṣọ́jà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tì mọ́lé láti oṣù kìíní, ọdún 1966, lórí ẹ̀sùn tí wọn ò bá a ṣẹjọ́ lé lórí. Òótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n ló ń gbèjà àbúrò. Ẹlẹ́rìí tiẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yòókù ni wọ́n ní ẹlẹ́rìí. Bánjọ ò ní, ó ti kú kí ogun tó pé oṣù mẹ́ta. Kò kọ ìwé. Ó tọ́ kí ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n pa pẹ̀lú ẹ̀ lọ́jọ́ náà, Philip Alale, Sam Agbam àti Emmanuel Ifeajuna, àwọn náà ò kọ tiwọn. Ifeajuna yìí ló gba góòlù nínú eré fífò sókè ní Vancouver lọ́dún 1954, tí wọ́n fi àwòrán ẹ̀ kún ìwé ìròyìn nígbà náà. Ọdún mẹ́tàlá ló wà láàárín góòlù àti ọta ìbọn.

Àwọn Òyìnbó náà kọ ti wọn. John de St. Jorre, oníròyìn tó rìn sọ́tùn-ún sósì nígbà ogun náà, kọ The Nigerian Civil War lọ́dún 1972, ìwé ẹ̀ sì wà lára èyí tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni jù. Ti Frederick Forsyth, The Biafra Story, tó jáde lọ́dún 1969, dùn ún kà bíi fíìmù, ṣùgbọ́n Biafra ló wà lẹ́yìn wọn, kò sì fi pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ tí olórí kọ̀ọ̀kan sọ lórí rédíò, kó wá Crisis and Conflict in Nigeria, apá méjì, tí A. H. M. Kirk-Greene kó jọ lọ́dún 1971. Kì í ṣe ìwé téèyàn máa ń kà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé téèyàn fi ń já irọ́ ni. Bí ẹnì kan bá ní Bánjọ sọ báyìí-báyìí ní Bìní, ibẹ̀ lèèyàn á ti wò ó.

Ó tún ku ìwé kan tí àwọn tó ń fi ìjà Òrè yangàn kì í fẹ́ kà. Àwọn ọmọ ogun tó já àjàbọ́ Òrè, tí wọ́n lé Biafra kọjá Bìní, ò dúró síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Asaba lóṣù kẹwàá, ọdún 1967, wọ́n kó àwọn ọkùnrin ìlú jọ, wọ́n sì yìnbọn pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn, àwọn tí kò mú ohun ìjà kankan dání, tí àwọn míì nínú wọn jó jáde láti wá kí wọn káàbọ̀. Emma Okocha kọ Blood on the Niger lórí ẹ̀ lọ́dún 1994. Elizabeth Bird àti Fraser Ottanelli wá kọ The Asaba Massacre lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn tó ṣẹ́ kù sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kan náà ni, láti Òrè dé Asaba. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó ka ti Òrè tí kò ka ti Asaba, ìdajì ọ̀nà ló rìn.

Níbo lèèyàn ti lè rí wọn? Àwọn kan ṣì wà lórí tábìlì. The Man Died àti My Command ò ṣòro, àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Yábàá àti Dùgbẹ̀ máa ń ní wọn, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ná. Ẹ wo inú ẹ̀ kí ẹ tó sanwó o. Ayédèrú wà, ojú ìwé á fò láti 96 bọ́ sí 129, ẹni tó tà á á ti kọjá sí bọ́ọ̀sì míì. Èyí tó ti wọ́n bí ojú, bíi Kirk-Greene, Madiebo àti Ogunsheye, láìbìrì Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn lèèyàn ti ń wá wọn. Nínú ọgbà yunifásítì náà ni ilé tí ìjọba ń kó àwọn ìwé àtijọ́ pamọ́ sí wà. Ìwé ìròyìn ìgbà náà tún wà, Daily Times ti Èkó àti Daily Sketch ti Ìbàdàn. Kí ẹni tó bá kà á rántí pé ìjọba ìwọ̀-oòrùn ló ni Sketch, àsìkò ogun sì ni. Èyí tí wọn ò kọ síbẹ̀ ṣe pàtàkì bí èyí tí wọ́n kọ. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sí Umuahia, kó yà sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tó wà níbẹ̀ láti ọdún 1985, kó fojú rí irú àwọn ohun ìjà tí wọ́n fi jà.

Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìwé ogun tí wọ́n dárúkọ yìí tó jẹ́ èdè Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Àgbẹ̀ tí wọ́n ja ogun lórí ilẹ̀ ẹ̀ ò lè ka ìtàn ogun náà, ọmọ ẹ̀ tó lè kà á ti bọ́ sí Èkó. Ọ̀gá ṣọ́jà ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀gá ṣọ́jà máa ń rí máàpù. Òrè jẹ́ àmì kan lórí máàpù, ibi tí ọ̀nà ti pàdé. Kò rí abà. Kò rí àwọn èèyàn Odígbó àtàwọn abúlé tó wà láàárín igbó kòkó, tí wọ́n gbọ́ ìró nǹkan tí kì í ṣe ààrá, tí wọ́n gbé ọmọ pọ̀n. H. B. Momoh kó ẹ̀rí àwọn tó ja ogun náà jọ sínú ìwé kan lọ́dún 2000, The Nigerian Civil War, 1967–1970, iṣẹ́ ńlá sì ni, ṣùgbọ́n àwọn tó jagun náà ni. Àwọn tí wọ́n jagun náà lé lórí ńkọ́?

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní Odígbó lọ́dún 1967 ti lé ní 70 báyìí. Wọ́n ṣì wà. Wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ń gbatẹ́gùn, ọmọ ọmọ wọn sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá. Orin nìkan ló wà nínú fóònù náà. Ẹ̀yin ọmọ Òrè àti Odígbó tó ń lọ sílé fún ọdún, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ tó tẹ fóònù náà. Ẹ má bi wọ́n pé ta ló borí. Ẹ bi wọ́n pé: Bàbá, ibo lẹ sá lọ? Ìyá, kí lẹ jẹ níbẹ̀? Àwọn wo ni wọ́n sin, ta ló sì sin wọ́n? Ọjọ́ wo lẹ padà délé, kí lẹ bá nílẹ̀? Kòkó ọdún yẹn, ta ló ká a?